Nígbà Tí Ọ̀pá Báńdì Bá Bọ́ Sọ́wọ́ Ọmọ Wa

Tí ìdajì àkọ́kọ́ bá ti parí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Prince George's County, ìpínlẹ̀ Maryland, àwọn agbábọ́ọ̀lù á sá wọlé lọ sinmi. Níbòmíràn, àsìkò yẹn ni èrò ìwòran máa ń dìde lọ ra ohun jíjẹ. Níbí, ọ̀pọ̀ kì í kúrò lórí ìjókòó wọn, torí báńdì ni wọ́n tìtorí ẹ̀ wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tàbí mẹ́tàdínlógún kan á jáde síwájú. Á dé fìlà gíga tí ìyẹ́ wà lórí rẹ̀, á mú ọ̀pá gígùn dání, á fi fèrè rẹfirí há ẹnu. Fèrè yẹn á dún lẹ́ẹ̀mẹrin, gbogbo ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń tẹ̀ lé e ló gbé trumpet, trombone, clarinet, ìlù àti aro. Ní tirẹ̀, kò gbé ohunkóhun tó ń kọrin.

Drum major ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ṣe Boys' Brigade rí ní Nàìjíríà mọ ipò náà dáadáa, ẹni tó bá sì ti wo ìwọ́de ọjọ́ òmìnira rí á rántí ọmọkùnrin tó ń ju ọ̀pá sókè, tó ń hán an, tí àwọn èèyàn ń pariwo. Ìran yẹn dùn ún wò, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló jẹ́ nínú iṣẹ́ ọ̀hún. Mo kọ èyí fún àwọn òbí Yorùbá tí ọmọ wọn bá dé láti ilé-ẹ̀kọ́ tó ní òun fẹ́ du ipò náà, tí wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n yọ̀ tàbí kí wọ́n béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìṣirò. Ipò yìí wà lára ìwọ̀nba ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ti ń fi àṣẹ gidi lé ọmọ lọ́wọ́ lórí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àṣẹ náà lè kọ́ ọmọ, ó sì lè bà á jẹ́. Ìwà tó bá hù sí ẹni tó kéré jù lọ nínú ìlà la fi ń mọ èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì.

Àgbègbè tí orin ò ṣọ̀wọ́n

Ọdún 1696 ni wọ́n dá Prince George's County sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ Ọmọọba George ará Denmark, ọkọ Anne tó wá di ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ́. Oko tábà ni wọ́n fi là níbẹ̀, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló sì ro oko náà. Lónìí, àwọn aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó sì wà lára àwọn àgbègbè aláwọ̀ dúdú tí owó pọ̀ sí jù lọ ní Amẹ́ríkà. Nínú ìkànìyàn ọdún 2020, àwọn olùgbé rẹ̀ jẹ́ 967,201. Ó fẹ̀gbẹ́ kan Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, títí débi pé ẹni tó bá ń wakọ̀ lè má mọ ìgbà tó kọjá ààlà. Maryland wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù. Ẹ rìn dé Bowie, Lanham, Hyattsville, Laurel tàbí Upper Marlboro, ẹ ó rí ilé ìtajà tó ń ta èlùbọ́ àti ìjọ tí wọ́n ti ń lu gángan lọ́jọ́ Ìsinmi.

Àwọn ọmọ inú ìjọ wọ̀nyí ló kún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà níbẹ̀, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lé ní 100,000. Ọmọ tó bá ní ẹ̀bùn orin níbẹ̀ kò ní láti kúrò ní àgbègbè náà kó tó rí ọ̀nà. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bíi Thomas G. Pullen àti Benjamin D. Foulois wà fún àwọn ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọnà láti kékeré. Láti 1986 ni ilé-ẹ̀kọ́ girama Suitland ti ní ẹ̀ka tó dá dúró fún orin, ijó, eré orí ìtàgé àti àwòrán. Lẹ́yìn girama, yunifásítì méjì ló wà nítòsí tí báńdì wọn ní orúkọ. Báńdì University of Maryland ní College Park ti wà láti 1908, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n ń pe ti Bowie State University ní Symphony of Soul. Ilé-ẹ̀kọ́ Bowie State yìí bẹ̀rẹ̀ ní Baltimore ní 1865, ọdún tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí, láti kọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní ìwé, kó tó ṣí wá sí Bowie.

Ọ̀pọ̀ báńdì girama ní agbègbè náà ló gba ìṣe wọn lọ́wọ́ àwọn yunifásítì aláwọ̀ dúdú bíi Bowie State. William P. Foster ló fi ìṣe yìí lọ́lẹ̀ jù lọ. Ó gba ìdarí báńdì yunifásítì Florida A&M ní 1946, ó sì sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń wò. Orúnkún á gòkè títí itan á fi tẹ́ pẹrẹsẹ, fèrè á máa jù sọ́tùn-ún jù sósì, báńdì tó ń rìn á sì tún máa jó. Ní 1989, nígbà tí Faransé ń ṣe ayẹyẹ igba ọdún ìyípadà ìjọba wọn, báńdì Foster ni Amẹ́ríkà rán lọ sí ìwọ́de náà ní Paris.

Láti ẹ̀yìn ìlà dé iwájú

Ọmọ kì í ti ilé dé kó di drum major. Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní kíláàsì kẹrin tàbí karùn-ún, ni ọ̀pọ̀ ti ń kọ́kọ́ gbé fèrè. Tí wọ́n bá fi máa dé kíláàsì kẹsàn-án, tí í ṣe ọdún àkọ́kọ́ ní girama, wọ́n ti lè ka àmì orin, ṣùgbọ́n wọn ò tíì lè fi ẹsẹ̀ rìn kí wọ́n sì fi ẹnu fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Oṣù Kẹjọ ni wọ́n ń kọ́ èyí, kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé, nínú ooru Maryland tó ń mú aṣọ lẹ̀ mọ́ni lára. Wọ́n á kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ìṣísẹ̀ mẹ́jọ láàárín yáàdì márùn-ún gẹ́lẹ́, ìyẹn íǹṣì méjìlélógún àti ààbọ̀ fún ìṣísẹ̀ kan, láì wo ilẹ̀. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn á kọ́ láti kó o kúrú, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú á kọ́ láti nà án.

Àkókò yẹn ni olùkọ́ báńdì ti ń wo àwọn tí yóò wúlò lọ́jọ́ iwájú, kì í sì í ṣe ẹni tó mọ fèrè fọn jù nìkan ló ń wò. Ta ló ń dé kí àkókò tó tó? Ta ló rántí ìwé orin ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀? Nígbà tí ọmọ tó gbé sousaphone, fèrè ńlá tó ń yí ara ká, fẹ́ ṣubú lulẹ̀ nínú oòrùn, ta ló kọ́kọ́ gbé omi fún un? Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á di olórí ẹ̀ka, á máa bójú tó trumpet mẹ́wàá tàbí clarinet mẹ́jọ. Òun ni yóò ka àwọn tó wá, tí yóò yẹ aṣọ wò, tí yóò jókòó ti ẹni tí ìlà kẹta orin kò tíì wọ̀ létí. Àwọn Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Níbi iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún yìí ni ìdarí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà ìrúwé ni wọ́n sábà máa ń dán àwọn tó ń du ipò drum major wò. Ọmọ á dúró níwájú báńdì, á kí wọn bí ológun ṣe ń kí, á sì fi ọwọ́ darí orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bi í ní ìbéèrè: tí ọ̀rẹ́ rẹ tímọ́tímọ́ bá ń pẹ́ dé, kí lo máa ṣe? Láwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan, àwọn ọmọ báńdì náà máa ń dìbò. Ìdáhùn sí ìbéèrè ọ̀rẹ́ yẹn ló sábà máa ń fi ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ hàn yàtọ̀ sí ẹni tó fẹ́ fìlà.

Ojú la fi ń gbọ́ ìlù

Kí ló dé tí báńdì tí onílù kún inú rẹ̀ fi nílò ẹni tí kò lu ìlù? Bí pápá ṣe fẹ̀ tó ló fà á. Pápá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà gùn ní 100 yáàdì, ìyẹn bíi mítà 91. Ohùn ń rìn ní nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí ọmọ kan bá lu ìlù ní ìpẹ̀kun kan pápá, ó máa tó ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kí ohùn náà tó dé etí ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun kejì. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n tí orin bá ń lọ ní ìlù 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìdá mẹ́rin yẹn ti jẹ́ ìdajì àkókò tó wà láàárín ìlù kan sí èkejì. Ẹni tó bá fi etí tẹ̀ lé ìlù á ti pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì fi etí tẹ̀ lé ẹni yẹn á tún pẹ́ sí i. Láìpẹ́, orin á fọ́ sí méjì.

Ìmọ́lẹ̀ kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn lè rí ọwọ́ ẹnì kan lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí drum major fi ń gun àtẹ̀gùn dúró níwájú pápá. Tí orin bá jẹ́ èyí tí a ń ka ìlù rẹ̀ ní mẹ́rin-mẹ́rin, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á já wálẹ̀, á lọ sí òsì, á padà lọ sí ọ̀tún, á sì gòkè. Ó rọrùn títí dìgbà tí ènìyàn bá gbìyànjú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ láì dúró. Apá á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ọwọ́ tó ń já wálẹ̀ ṣánṣán á bẹ̀rẹ̀ sí í yí rìbìtì, àwọn tó ń wò ó ò sì ní mọ ibi tí ìlù wà mọ́. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dúró níwájú dígí nílé, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tó ń ka ìlù há etí, tí wọ́n ń ju ọwọ́ nìkan nínú yàrá tí kò sí orin.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni tuntun kò sí lára ọwọ́ rárá. Tí àwọn onílù bá ń fà sẹ́yìn nítorí àárẹ̀, etí rẹ̀ á gbọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn bá wọn. Kò ní mọ̀ pé àwọn tó yẹ kóun máa darí ló ti ń darí òun. Àwọn olùkọ́ ní ohun tó ṣòro jù láti kọ́ ọmọ nìyẹn: kó gbọ́ báńdì dáadáa, kó mọ gbogbo ibi tó ń dùn wọ́n, síbẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ má yẹ̀.

Ọmọ Washington kan tó kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí

Kò jìnnà sí ààlà Prince George's County, ní gúúsù ìlà oòrùn Washington, ni wọ́n bí John Philip Sousa sí ní 1854. Bàbá rẹ̀ ń fọn trombone nínú báńdì àwọn ọmọ ogun Marine, báńdì tó ti wà láti 1798. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́tàlá, ó ń gbèrò láti bá báńdì sákọ́ọ̀sì kan sá lọ. Bàbá rẹ̀ gbọ́, kò sì nà án. Ó mú un lọ sí báńdì Marine ní 1868, wọ́n sì gbà á gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́. Ó kúrò níbẹ̀, ó lọ ṣiṣẹ́ orin káàkiri, wọ́n sì pè é padà ní 1880 láti wá jẹ́ olórí báńdì kan náà. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọdún méjìlá ló fi darí rẹ̀, lábẹ́ ààrẹ márùn-ún. Ọ̀kan nínú àwọn orin rẹ̀ tó lókìkí jù, èyí tó fi orúkọ ìwé ìròyìn Washington Post pè, ló kọ ní 1889 fún ayẹyẹ tí wọ́n ti fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹ̀bùn nítorí àròkọ tí wọ́n kọ. Orúkọ rẹ̀ náà ló wà lára sousaphone tí àwọn ọmọ wa ń gbé kọ́ èjìká.

Ní ìlú yẹn kan náà ni James Reese Europe, ọmọ aláwọ̀ dúdú láti Alabama, dàgbà sí. Ọwọ́ igbákejì olùdarí báńdì Marine ló ti kọ́ violin. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, òun ló darí báńdì ẹgbẹ́ ọmọ ogun 369, àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní Hellfighters, àwọn ará Faransé sì gbọ́ irú orin tí wọn ò gbọ́ rí ní 1918. Ní oṣù Karùn-ún 1919, ní Boston, ọ̀kan nínú àwọn onílù rẹ̀ tí ìbáwí bí nínú gún un lọ́bẹ, ó sì kú. Ìtàn àwọn méjèèjì jọra níbì kan: wọ́n kọ́kọ́ jókòó sẹ́yìn ẹlòmíràn kí ẹnikẹ́ni tó jókòó sẹ́yìn wọn. Ikú Europe sì fi hàn pé àwọn tí olórí ń darí ní ọkàn àti ìbínú tiwọn, bó ti wù kí orin náà dùn tó.

Kò yẹ kí bíbẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn yìí ṣàjèjì sí wa. Ọmọ tí wọ́n bí sí ìdílé àyàn kì í fi ìyáàlù bẹ̀rẹ̀. Omele ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́, á máa lu ohun kan náà láti òwúrọ̀ dé alẹ́, títí etí rẹ̀ á fi mọ ibi tí ìyáàlù ń lọ kó tó débẹ̀. Sunny Adé wà nínú báńdì Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, kó tó dá Green Spots tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Ebenezer Obey náà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Fàtáì Rolling Dollar kó tó dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá. Ẹni tó ń lu ìyáàlù ń darí, ó sì tún ń sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó máa gbàgbé pé òun ló wà nídìí ìlù. Drum major ò ní ohùn nínú orin. Ọmọ tó ti fi ọdún mẹ́fà kọ́ trumpet, tí ìyá rẹ̀ ti fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, á gbé e sílẹ̀ kí orin àwọn yòókù lè dúró. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló lè fara da ìyẹn, kì í sì í ṣe gbogbo òbí.

Ìfẹ́ àtiwà níwájú

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kejì 1968, oṣù méjì gééré kí wọ́n tó pa á, Martin Luther King wàásù ní ìjọ Ebenezer ní Atlanta lórí ìfẹ́ ọkàn drum major. Ó mú un láti inú ìtàn Jákọ́bù àti Jòhánù, àwọn ọmọ Sébédè, tí wọ́n fẹ́ jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì Jésù. Ó ní gbogbo èèyàn ló ní ìfẹ́ yìí, ìfẹ́ láti wà níwájú kí wọ́n máa wo òun. Kò ní kí wọ́n pa á. Ó ní kí wọ́n lò ó fún iṣẹ́ ìsìn àti òdodo. Nígbà tí wọ́n ṣí ibi ìrántí rẹ̀ ní Washington ní 2011, wọ́n gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú lára òkúta, ó sì wá jọ bíi pé ó ń yin ara rẹ̀ pé drum major lòun. Maya Angelou, akéwì, bínú, ó ní wọ́n ti sọ ọ́ di agbéraga. Ní 2013, wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ kúrò lára òkúta.

Ní ọdún 2011 yẹn kan náà, ní oṣù Kọkànlá, Robert Champion, drum major báńdì Florida A&M, kú ní Orlando. Àwọn ọmọ báńdì rẹ̀ ló lù ú nínú bọ́ọ̀sì lẹ́yìn ìdíje bọ́ọ̀lù kan, nínú àṣà tí wọ́n fi ń fìyà jẹ èèyàn kí wọ́n tó gbà á bí ojúgbà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Àwọn òbí rẹ̀ sọ pé ó kórìíra àṣà náà. Ilé ẹjọ́ dá àwọn kan lẹ́bi. Báńdì tí Foster fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ò sì jáde títí di 2013.

Ẹni tó lọ ilé-ẹ̀kọ́ gbígbé ní Nàìjíríà ò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún un. Ó mọ sẹ́níọ̀ tó ń pe júníọ̀ ní òru láti wá fọ aṣọ, tó ń ní kó kúnlẹ̀ kó gbé ọwọ́ sókè, tó sì ń sọ pé báyìí ni wọ́n ṣe ṣe òun náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi rẹ́rìn-ín lóde òní, a ń sọ pé ìyẹn ló kọ́ wa lọ́gbọ́n. Kí a ṣọ́ ohun tí ọmọ wa ń gbọ́ nínú ẹ̀rín náà. Òfin Maryland ka irú ìfìyàjẹni bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, kò sì ní gba àwíjàre pé ẹni tí wọ́n fìyà jẹ ló gbà bẹ́ẹ̀. Drum major ni ẹni àkọ́kọ́ tó lè mọ̀ tí nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ń rú jáde, ṣáájú olùkọ́, ṣáájú òbí. Òun ló wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì. Òun ló gbọ́ ohun tí àwọn àgbà inú báńdì ń sọ sí etí ọmọ tuntun. Bí ó bá dákẹ́, wọ́n á ka ìdákẹ́ rẹ̀ sí àṣẹ.

Àlàfo ọdún kan

Ní oṣù Kẹta 2020, nítorí àrùn kòrónà, Maryland ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Prince George's County wà lára ibi tí àrùn náà ti kọlu àwọn èèyàn jù ní ìpínlẹ̀ náà, ó sì lé ní ọdún kan kí àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí kíláàsì ní 2021. Fífọn fèrè nínú yàrá kan náà ni ohun tí gbogbo dókítà ń sá fún. Àwọn ọmọ ń fọn fèrè níwájú kọ̀ǹpútà, orin kálukú sì ń dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ ní àkókò tirẹ̀.

Orin ò parẹ́ nítorí ìyẹn, torí ìwé orin wà. Ohun tó fẹ́ bọ́ sọ́nù ni ohun tí ìwé ò kọ: bí a ṣe ń yípo ní ìkángun pápá, bí a ṣe ń di aṣọ, ohùn tí a fi ń ké pe ìlà. Àwọn sẹ́níọ̀ ló ń fi ẹnu kọ́ júníọ̀ ní gbogbo rẹ̀, àwọn sẹ́níọ̀ 2020 sì jáde láì rí ẹni kọ́. Níbikíbi tí báńdì ti padà sórí pápá lẹ́yìn náà, ọmọ kíláàsì kẹwàá tí kò rìn nínú báńdì girama rí ló bá ara rẹ̀ lára àwọn àgbà. Ọmọ tó bá di olórí nírú àsìkò yẹn rí ohun tí ọ̀pọ̀ ò rí kọ́: pé báńdì máa ń kú láàárín ọdún mẹ́rin tí ẹni tó wà níwájú ò bá kọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn.

Ohun tí òbí lè ṣe

Mo mọ ìbéèrè tó ń bọ̀. Ṣé báńdì á sọ ọmọ di dókítà? Kò ní sọ ọ́ di dókítà, kò sì ní dí i lọ́wọ́. Maryland fúnra rẹ̀ kì í fún ọmọ ní ìwé ẹ̀rí girama láìjẹ́ pé ó gba kírẹ́díìtì kan nínú iṣẹ́ ọnà, báńdì sì wà lára rẹ̀. Àwọn yunifásítì aláwọ̀ dúdú ń fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá àwọn ọmọ báńdì bí wọ́n ṣe ń wá agbábọ́ọ̀lù, ọmọ náà sì lè ka ìmọ̀ nọ́ọ̀sì tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ pẹ̀lú rẹ̀. Bowie State wà nínú àgbègbè náà gan-an, Morgan State wà ní Baltimore, Howard wà ní Washington. Nígbà tí Kamala Harris, ọmọ Howard, di igbákejì ààrẹ ní ọjọ́ ogún oṣù Kìíní 2021, báńdì ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló sìn ín.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọmọbìnrin yín pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Títí di 2018, kò sí obìnrin tó jẹ́ drum major rí ní Florida A&M, kó tó kan Cori Bostic. Nílé, Àrálọlá Ọlámúyìwá ti gbé gángan kọ́ èjìká káàkiri ayé nígbà tí àwọn kan ṣì ń sọ pé obìnrin kì í lu ìlù.

Owó tún wà ńbẹ̀. Sousaphone kan lè ná ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, aṣọ ń gbó, bọ́ọ̀sì ń gba owó. Ẹgbẹ́ àwọn òbí ló ń bá olùkọ́ wá díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ń ta oúnjẹ, wọ́n ń fọ mọ́tò àwọn ẹlòmíràn, wọ́n ń gbé omi lọ sí pápá. Ọ̀pọ̀ wa kì í yọjú síbẹ̀, torí iṣẹ́ òru àti iṣẹ́ ọ̀sán. Ẹni tí kò bá ráyè lọ́sẹ̀ lè wá lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù. Ìwọ̀nba yẹn ti tó fún ọmọ láti mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kò fara pamọ́ fún ilé.

Tí ọmọ bá sì wá gba ipò náà, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Lẹ́yìn náà, ẹ má bi í nípa ọ̀pá àti fìlà nìkan. Ẹ bi í lórúkọ ọmọ tuntun tó ń lu aro ní ìkẹyìn ìlà. Ẹ bi í bóyá ọmọ yẹn ti mọ orin kejì, ẹni tó ń kọ́ ọ, àti ẹni tó jókòó tì í nínú bọ́ọ̀sì. Ọmọ tó bá lè dáhùn ti ń darí. Tí kò bá lè dáhùn, ẹ sọ fún un kó lọ wádìí kó tó di ọjọ́ Ẹtì.